Rio (ètò fèrèsé) lórí Plan 9 (operating system kan): kí ló dé tí fèrèsé kan kò rí ohun tí mo mount (so mọ́ igi fáìlì) nínú èkejì?

Ọmọ_rc:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú fèrèsé kan mo tẹ èyí láti ka fáìlì CD kan (9660srv ni ètò tó ń kà á):

9660srv
mount /srv/9660 /n/iso /usr/glenda/cd.iso

Gbogbo fáìlì yọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ ls /n/iso nínú fèrèsé mìíràn, òfìfo ni. Acme (ètò tí mo fi ń ṣàtúnkọ fáìlì) náà ní fáìlì ọ̀hún kò sí. Ṣé àléébù ni, àbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é? Kí ló dé tí Linux kì í ṣe báyìí?

Wctl:
Àléébù kọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é. Bí rio bá fẹ́ ṣí fèrèsé, á ṣe ẹ̀dà namespace (àkójọ orúkọ fáìlì tí ètò ń rí) fún un, á mount ara rẹ̀ sí /mnt/wsys, á sì bind ìyẹn ṣíwájú /dev (kí ètò kọ́kọ́ rí i níbẹ̀). /dev/cons (kíbọ́ọ̀dù àti ojú ìkọ̀wé), /dev/mouse àti /dev/wctl (ìṣàkóso fèrèsé) jẹ́ orúkọ kan náà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ti fèrèsé kálukú yàtọ̀. Ètò tó ń ka /dev/mouse kò tilẹ̀ mọ̀ pé inú fèrèsé lòun wà. Ìdí nìyẹn tí rio fi ń ṣiṣẹ́ nínú rio láìsí wàhálà. Láti ìgbà 8½ (ètò fèrèsé tó ṣáájú rio) ni èrò yìí ti wà, kí rio tó gba ipò rẹ̀ ní 2000.

Ohun tí ẹ bá mount lẹ́yìn tí ẹ̀dà ti yà kò lè kọjá sí fèrèsé kejì. Ẹ tẹ ns (àṣẹ tó ń to namespace jáde) nínú méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n wéra.

/srv (ibi tí ètò bíi 9660srv ń fi ara wọn hàn) ní tirẹ̀ jẹ́ ti gbogbo fèrèsé. Ẹ má wulẹ̀ tún 9660srv pè. Ìlà mount nìkan tó nínú fèrèsé kejì. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ níbi gbogbo, ẹ kọ ìlà méjèèjì sínú $home/lib/profile (àwọn àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá wọlé), kí wọ́n ṣáájú ìlà tó ń pe rio. Fún acme tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ Local ṣáájú ìlà mount, kí ẹ fi bọ́tìnnì àárín mouse tẹ̀ ẹ́: Local ló ń mú àṣẹ ṣiṣẹ́ nínú namespace acme fúnra rẹ̀.

Ìyá Kernel:
Ẹ fi èyí kún un: 9660srv ló ń ṣí cd.iso, kì í ṣe fèrèsé yín. Bí cd.iso bá wà lórí ohun tí ẹ mount nínú fèrèsé kejì, 9660srv tí ẹ pè láti inú èkíní kò ní rí i, mount á sì kọ̀.

Ní ti Linux, setuid (tó ń jẹ́ kí ètò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára ẹni tó ni ín) ló fa gbogbo rẹ̀. Ká ní ẹnikẹ́ni lè fi /etc/passwd (fáìlì àwọn oníṣe) ayédèrú bo ojúlówó nínú namespace tirẹ̀, kó wá pe su (ètò tó ń sọ oníṣe kan di òmíràn), su á gbà á gbọ́, á sì sọ ọ́ di root (ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ). Plan 9 kò ní setuid, kò sì ní root. Ẹni tó bá fi namespace tan nǹkan jẹ níbẹ̀, ara rẹ̀ ló tàn. Mount namespace wọ Linux ní 2002, ṣùgbọ́n CAP_SYS_ADMIN (agbára alábòójútó) ló ń béèrè. Ìgbà tí user namespace (tó ń jẹ́ kí ẹni lásán jẹ́ root nínú namespace tirẹ̀ nìkan) pé nínú Linux 3.8 ní 2013 ni ẹni tí kì í ṣe root tó lè tẹ unshare -Urm (àṣẹ tó ń ya namespace sọ́tọ̀), àwọn distro kan ṣì ń dí i.

X (ètò fèrèsé lórí Linux) kò sì sí nínú namespace bíi ti rio rárá. Ẹ lè fi tmpfs (fólídà inú memory) bo /tmp kí /tmp/.X11-unix/X0, ẹnu ọ̀nà X, pòórá; bí server X bá tún ń gbọ́ lórí abstract socket (ẹnu ọ̀nà tí kò ní fáìlì), ètò á ṣì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí network namespace ló ń ṣọ́ ìyẹn. Ẹ ní láti fi -n (network namespace) kún àṣẹ unshare, íntánẹ́ẹ̀tì náà á sì lọ. Wayland (ètò tó ń rọ́pò X) sàn jù níbi ká má yọjú wo fèrèsé ẹlòmíràn.

Ọmọ_rc:
Ẹ ṣé, mà. Profile ti ṣiṣẹ́. Ṣé mo lè ṣí fèrèsé tuntun tí yóò jogún namespace èyí tí mo wà nínú rẹ̀?

Wctl:
window -m. Láìsí -m, /dev/wctl ló ń kọ̀wé sí, namespace rio ni fèrèsé náà á sì jogún.

Bí ẹ bá sì kó mount sínú script, ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa. Bí rfork en (àṣẹ tó ń fún script ní ẹ̀dà namespace tirẹ̀) bá wà níbẹ̀, ohun tó mount á bá a lọ bó bá ti parí. Bí kò bá sí, á kù sínú fèrèsé yín.