Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wa fún ìwádìí Lassa, kò sì sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nílé wa, ṣé kí n gbà?

Baba_Bọ́lá_Ọ̀wọ̀:
Ẹ kú ilé o. Ọ̀wọ̀ la wà, ní Ondo. Àwọn kan wá sádùúgbò wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ibà Lassa làwọn ń ṣèwádìí ẹ̀, ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń yà, wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, wọ́n á sì tún máa padà wá gbà á. Wọ́n ka fọ́ọ̀mù kan fún wa lédè Yorùbá, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká rò ó ná. Ohun tí ò yé mi ni pé ara gbogbo wa le, kò sẹ́ni tára ẹ̀ ń gbóná, kí wá ni wọ́n fẹ́ fẹ̀jẹ̀ wa ṣe? Màmá mi ti fárígá, wọ́n ní òyìnbó ni wọ́n fẹ́ lọ tà á fún. Tí wọ́n bá wá rí Lassa nínú ẹ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò ní kó wa lọ tì mọ́bì kan? Ẹ dá sí i jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́:
Ẹ kú àárọ̀ sà, ẹ bá mi kí màmá. Pé ara yín le yẹn gan-an ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí Lassa bá wọ̀ lára, bíi mẹ́jọ ni ò ní mọ nǹkan kan, tàbí kó kàn rẹ̀ wọ́n díẹ̀, wọ́n á lo oògùn ibà, ó parí. Àwọn tó bá le fún ló ń dé ọsibítù, iye tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ lórí rédíò, àwọn yẹn ni o. Àmọ́ ẹni tó bá ti ní in rí, antibody ẹ̀, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe láti fi bá àrùn jà, á ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, òun ni wọ́n ń wá. Wọ́n á máa padà wá kí wọ́n lè mọ àwọn tí kò ní in tẹ́lẹ̀ tó wá ní in. Ẹni tó bá fẹ́ dán abẹ́rẹ́ àjẹsára wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìyẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ báwo ló ṣe máa mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́, tí kì í ṣe pé àrùn ò tiẹ̀ dé àdúgbò yẹn rárá? Kò sì tíì sí abẹ́rẹ́ Lassa kankan tí wọ́n fọwọ́ sí. Wọ́n ti ṣe irú ìwádìí yìí ní Nàìjíríà, Benin Republic, Guinea, Liberia àti Sierra Leone.

Ẹni tí wọ́n bá kàn rí antibody lára ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tì í mọ́lé sà, àmì pé ó ti kọjá lára ẹ̀ ni. Ẹni tára ẹ̀ bá ń gbóná tí ò lọ lẹ́yìn oògùn ibà, ẹ má jókòó tì í o, Federal Medical Centre wà nítòsí yín níbẹ̀, wọ́n mọ iṣẹ́ Lassa dáadáa. Nínú ẹni mẹ́rin tó bá bọ́ nínú ẹ̀, etí ọ̀kan lè di.

Tèmi_Yé_Mi:
Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má bá màmá jà, ẹ̀rù wọn nídìí. Ní Kano lọ́dún 1996, nígbà tí meningitis, àrùn awọ ọpọlọ, ń pa àwọn ọmọdé, iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ bíi 100, wọ́n fún 100 mìíràn ní oògùn míì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá ló kú lápapọ̀. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fáwọn pé ìdánwò ni, Pfizer ní àwọn sọ ọ́ lẹ́nu. Ó di 2009 kí wọ́n tó bá ìjọba Kano parí ẹjọ́ ní mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ṣé ẹ rántí ìgbà táwọn ará ibẹ̀ kọ abẹ́rẹ́ pólíò lọ́dún 2003? Ọ̀rọ̀ Trovan yẹn wà nínú ohun tó ń já wọn láyà.

Nítorí náà bọ̀dá, tí wọ́n bá dé, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ethics, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí ò rẹ́ èèyàn jẹ, hàn yín, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún yín pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tẹ́ ẹ lè pè. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ṣé wọ́n á tún fi ṣe nǹkan míì lẹ́yìn. Ẹ lè sọ pé ẹ ò ṣe mọ́ lọ́jọ́kọ́jọ́, kò sì gbọ́dọ̀ dí ìtọ́jú yín lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ń lọ́ tìkọ̀ lórí èyíkéyìí nínú ẹ̀, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n_Ẹ̀yìnkùlé:
Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sílùú òyìnbó, ó ti ń lọ tipẹ́. Ìlú Lassa ní Borno ni orúkọ yẹn ti wá, 1969. Nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan ló kọ́kọ́ kú, Laura Wine, ẹnì kejì tó tọ́jú ẹ̀ ní Jos náà kú, wọ́n gbé ẹnì kẹta, Lily Pinneo, lọ sí Amẹ́ríkà, òun yè é. Nígbà tí Jordi Casals tó ń yẹ kòkòrò náà wò ní Yale kó o, plasma Pinneo, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ni wọ́n fà sí i lára, ó sì yè. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti ní in rí kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré.

Ìyá_Ẹlẹ́gàárì:
Èmi ò mọ ìwé púpọ̀ o, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó wá abẹ́rẹ́, ẹ wo gàárì tẹ́ ẹ ń sá sétí títì, eku tó ń gbé Lassa á tọ̀ sí i, ẹ ó kó o wọlé jẹ. Ẹ fi nǹkan tó lómorí pa oúnjẹ mọ́ jàre.

Baba_Bọ́lá_Ọ̀wọ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka ti nọ́ọ̀sì fún màmá, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba tèmi, tí mi ò bá kú, ká wá sọ ti ọmọ 😂. Ìbéèrè kan ló kù: tí abẹ́rẹ́ bá jáde lọ́jọ́ kan, ṣé àwa tá a yọ̀ǹda apá á rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àbí a máa rà á?

Tèmi_Yé_Mi:
Ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn yẹn sínú fọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka.