Iná fún ọdán kéékèèké nínú yàrá: wákàtí mélòó ló tó?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akúrẹ́ ni mo wà. Ọdán inú abọ́ pẹlẹbẹ ni mo fẹ́ máa tọ́ nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀. Iná LED funfun wáàtì 100 ni mo so kọ́, sẹ̀ǹtímítà 30 sókè ewé. Bó bá sún mọ́ ọn jù, etí ewé á jóná. Bó bá jìnnà, ẹ̀ka á máa gùn gbọọrọ wá ìmọ́lẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí mo fi asẹ́ jọ̀, èédú àti ìlẹ̀dú díẹ̀ ni mo pò pọ̀, kí omi má baà dúró kí gbòǹgbò jẹrà.

Iná NEPA gan-an ni wàhálà. Wákàtí 14 lójúmọ́ á jẹ 1,400 wáàtì-wákàtí. Bátìrì olómi 12V, 200Ah, gba 2,400 lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á kọjá ìdajì, kì í pẹ́ kú. 1,200 ló kù yẹn, ká má tíì ka èyí tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Ṣé kí n dín in sí wákàtí 10 ni, àbí kí n máa gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀? Ẹ̀rù èyí ló ń bà mí: ọdán kórìíra kí á máa ṣí i kiri, kíá ló ń wọ́wé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló gbè yín? Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ ṣì ń tan fáànù sí wọn?