Ìjàpá ọ̀rẹ́ mi ti ń rìn o

Ẹ kú àdúrótì. Mo bi yín nígbà kan pé kí ló dé tí ìjàpá Volkswagen 1974 tí ọ̀rẹ́ mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó jáde láyé fi máa ń kú bó bá ti gbóná.

Ọ̀pọ̀ yín ní kábúrétọ̀ ni. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, pàbó. Àṣé rọ́bà tó yẹ kó yí ẹ́ńjìnnì ká ni kò sí níbẹ̀ mọ́! Ìjàpá ò ní rédíétọ̀. Atẹ́gùn ni fáànù rẹ̀ fi ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Láìsí rọ́bà yẹn, ooru tó ti jáde sísàlẹ̀ á tún gòkè wá, fáànù á sì máa fà á padà sórí ẹ́ńjìnnì. Mo fi tuntun sí i, mo sì ṣètò àlàfo fáàfù sí mílímítà 0.15, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Kò kú mọ́, kódà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Mo jó irin abẹ́ rẹ̀ tó dípẹtà. Ọ̀dà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún, kò dán rárá, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó ní kí n wo rọ́bà, ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè mi parí síbí.