Kí ló dé tí wọ́n fi pa Alexander Kejì ti Rọ́ṣíà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Rọ́ṣíà, ẹ gbà mí. Ní 1861, Alexander Kejì, ọba Rọ́ṣíà, dá àwọn àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ àjàgà àwọn ọlọ́lá sílẹ̀, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 20. Àmọ́ ìjọba ní kí àwọn àgbẹ̀ náà máa fi ọdún 49 san owó ilẹ̀ tí wọ́n gbà! Ní 1881, wọ́n ju bọ́ǹbù lu kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ ní St. Petersburg. Kò kú. Ó sọ̀kalẹ̀ láti wo àwọn tó fara pa (èyí dùn mí gan-an), ni bọ́ǹbù kejì bá ṣe é léṣe, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Ṣé owó ilẹ̀ yẹn ló ń bí àwọn tó pa á nínú, àbí ìjọba ọba fúnra rẹ̀ ni wọn ò fẹ́ mọ́?