Òórùn ẹyin bàjẹ́ nínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọtí í pọn. Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀.

Ṣàgámù ni mo wà. Kóńgò 4 àgbàdo funfun ni mo rẹ fún ọjọ́ 2. Mo da ewé bò ó, ó hù lọ́jọ́ kẹrin, mo sá a, mo lọ̀ ọ́. Mo fi omi lítà 20 sè é fún wákàtí 3, mo sẹ́ ẹ, ó tutù dáadáa kí n tó bu ife 1 ọtí àná sí i.

Lọ́jọ́ kejì, òórùn ẹyin bàjẹ́ ló gbalẹ̀. Kò kan, nítorí náà kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ di ọtí kíkan. Kò sì rùn bí èébì, bí ó ti máa ń rí tí omi àgbàdo bá lọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ́ jù kí á tó sè é.

Mo ti pààrọ̀ omi kànga sí omi òjò. Omi gbígbóná nìkan ni mo fi fọ kẹ́ẹ̀gì (bílíìṣì a máa fi òórùn oògùn sílẹ̀). Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú ìkòkò tí mo fi aṣọ bò, òórùn náà dín kù lọ́jọ́ kẹta. Inú kẹ́ẹ̀gì tí mo dé pa, ó wà digbí.

Ìbéèrè mi: ṣé ìwúkàrà ló ń tú u jáde, tí yóò fẹ́ lọ tí mo bá ní sùúrù, àbí kí n da gbogbo rẹ̀ nù?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀.