Ìrora láti ìdí dé ọrùn ẹsẹ̀: kí ni mo lè ṣe nílé?

Aránṣọ, Adó-Èkìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aránṣọ ni mí, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń lò. Ìrora kan wà ní ìdí mi ọ̀tún, ó jinlẹ̀ débi pé bí mo bá fọwọ́ tẹ ibẹ̀, ọwọ́ mi kì í bá a. Tí mo bá jókòó pẹ́, á gba ẹ̀yìn itan sọ̀kalẹ̀ bí iná títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Tí mo bá dìde rìn díẹ̀, á fúyẹ́. Àwọn kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, àwọn kan ní làkúrègbé. Aṣọ ìgbéyàwó wà nílẹ̀, n kò lè ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá àgbà, Ìjerò
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí ni kí o mu, kí o sì yàgò fún ṣúgà. Bí kò bá lọ, kí wọ́n gún ọ lábẹ́rẹ́ síbi tó ń dùn ọ́ gan-an.

Onífisíò, Ìdó-Èkìtì
Ẹ ṣeun, Mà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kó má gba abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Inú ìdí ni iṣan sciatic, iṣan ìmọ̀lára ńlá tó lọ sí ẹsẹ̀, gbà kọjá. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì bá a, ẹsẹ̀ lè rọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọdé wa, ó sì máa ń dùn mí.

Ẹ̀yin aránṣọ, jẹ̀díjẹ̀dí kì í sọ̀kalẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Láti eegun ẹ̀yìn ní ìbàdí ni iṣan yìí ti wá, ó sì sábà máa ń gba abẹ́ ẹran kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹran ìdí ńlá. Piriformis lorúkọ ẹran náà. Bó bá le, á fún iṣan náà pa. Ó sì lè jẹ́ dísìkì ẹ̀yìn, ìyẹn ohun bíi tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, ló yọ tó ń tẹ̀ ẹ́. Àyẹ̀wò ló máa fi ìyàtọ̀ hàn.

Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ẹ ká orúnkún méjèèjì. Ẹ gbé ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún lé itan òsì nítòsí orúnkún, kí ẹ fọwọ́ méjèèjì fa itan òsì yẹn wá sí àyà, díẹ̀díẹ̀. Ìdí ọ̀tún lẹ ti máa mọ̀ ọ́n pé ó ń nà. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá ń ta lọ sẹ́sẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má dùbúlẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló dáa jù. Lẹ́nu iṣẹ́, ẹ máa dìde ní ìṣẹ́jú 30 sí 30.

Awakọ̀, Ìkéré
Pọ́ọ̀sì tí mo máa ń kì sápò ẹ̀yìn ló fa tèmi. Mo yọ ọ́ kúrò, ara tù mí.

Ará Ìkogòsì
Omi gbígbóná wa níbí máa ń dẹ ẹran ara. Ṣùgbọ́n táwẹ́ẹ̀lì tí ẹ rì sómi gbígbóná nílé, tí ẹ fún, tí ẹ fi lé ìdí fún ìṣẹ́jú 15, á ṣe é. Kó má jó yín o.

Aránṣọ, Adó-Èkìtì
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè lo ibuprofen? Mo ní ọgbẹ́ inú.

Onífisíò, Ìdó-Èkìtì
Rárá o! Ó lè mú ọgbẹ́ náà ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ bi dókítà ní èyí tó bá yín mu. Ọ̀pọ̀ irú ìrora yìí ń lọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ṣùgbọ́n bí ojú ara tàbí àyíká ihò ìdí bá kú tipiri, bí ìtọ̀ bá há tàbí tí ìgbẹ́ ń bọ́ láìmọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, ọsibítù lọ́jọ́ náà, kódà kó jẹ́ òru. Kò sí ohun tí ẹ lè fi ṣe é nílé.

Ìyá àgbà, Ìjerò
Ọmọ mi, ó dáa, fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀.

Aránṣọ, Adó-Èkìtì
Mo gbọ́, Mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nà án lórí ẹní ni, mo mọ̀ ọ́n nínú ìdí lọ́hùn-ún. Ṣé kí n ṣe tòsì náà?

Onífisíò, Ìdó-Èkìtì
Ẹ ṣe méjèèjì. Kí ẹ sì yí àga tí ẹ fi ń ránṣọ padà tó bá ti lọ sílẹ̀ ju orúnkún yín lọ.