Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ra Subaru WRX tí ẹlòmíràn ti tún ṣe yìí?

Àbẹ̀kẹ́ (Chicago)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi lè gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe. Láti ọdún 2019 ni mo ti ń wa Corolla kan tí kò já mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Mi ò ní ẹ̀sùn sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wíwà wà lẹ́jẹ̀ mi. Peugeot 504 ni bàbá mi fi ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin nígbà tí mo wà ní kékeré, inú ọkọ̀ yẹn náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí gíà. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, mo mọ ìgbà tó yẹ kí awakọ̀ yí i.

Mo wá rí Subaru WRX kan, ti ọdún 2017, aláwọ̀ búlúù, gíà ọlọ́wọ́ mẹ́fà, máìlì 68,000. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ín ń béèrè 17,500 dọ́là. Mo wà á fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí tọ́bò rẹ̀ jí, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga, orí mi wú.

Ibi tí ó ti ń kọ mí lóminú nìyí: ó ní òun ti tún un ṣe dé ohun tí wọ́n ń pè ní stage 2. Ó ti yọ downpipe tó bá a wá, ìyẹn páìpù tó ń gbé èéfín kúrò lẹ́nu tọ́bò, ó fi òmíràn sí i. Ó ti pààrọ̀ ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́, ó sì ti jẹ́ kí ẹnì kan tún ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ. Lójú tirẹ̀, ìyẹn ló mú kí ó dára ju àwọn yòókù lọ. Ọkọ mi ní ọkọ̀ àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì gbé ìyàwó ni. A ní ọmọ ọdún mẹ́rin, àga rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀yìn.

Ṣé kí n rà á? Kí ni kí n wò? Ṣé lóòótọ́ ni pé ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà bí irú èyí kò nílò táyà ìgbà òtútù mọ́?

Bọ̀dá Mẹkáníìkì (Dallas)

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ alẹ́ o. Ọwọ́ ẹni tó wà á ṣáájú rẹ lo fẹ́ rà yẹn, kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó fi owó sílẹ̀.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú WRX ọdún yẹn, FA20 ni wọ́n ń pè é. Lítà méjì ni, pístìnì mẹ́rin, méjì dùbúlẹ̀ sọ́tùn-ún, méjì sósì. Agbára ẹṣin 268 ló ń mú wá láti ilé-iṣẹ́. Èéfín tó ń jáde ló ń yí tọ́bò, tọ́bò á máa ki afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà á wá wọn epo tó bá afẹ́fẹ́ náà mu. Ìwọ̀n yẹn ló ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnì kan bá pààrọ̀ páìpù afẹ́fẹ́, tí kò tún ètò kọ̀ǹpútà kọ kó bá a mu, ìwọ̀n ti dàrú nìyẹn: epo á kéré sí afẹ́fẹ́, inú ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà, pístìnì á sì fọ́ lọ́jọ́ kan. Tirẹ̀ tí ó ní wọ́n tún kọ yìí ńkọ́? Ta ló kọ ọ́? Ìwé rẹ̀ dà? Àwọn kan mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ọkọ̀ tí wọ́n fọwọ́ kàn á sì pẹ́. Àwọn mìíràn ra ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kàn dà á sínú ọkọ̀ ni.

Ní kí mẹkáníìkì tí kò mọ ọmọkùnrin yẹn rí ṣe ìdánwò méjì, compression (bí pístìnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) àti leak-down. Èkejì yìí ni mo nígbàgbọ́ nínú rẹ̀ jù. Wọn á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ilé pístìnì kọ̀ọ̀kan, wọn á wo bó ṣe ń jò tó àti ibi tó ń gbà jò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ gedegbe, gba ilé rẹ lọ. Bí ẹni tó ni ín kò bá jẹ́ kí wọ́n ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ti fún ọ ní èsì.

Ti downpipe ńkọ́? Inú èyí tó bá ọkọ̀ wá ni ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fàyè gba kí ènìyàn yọ ọ́ dànù fún ọkọ̀ ojú pópó. Ní àgbègbè Chicago lọ́dọ̀ yín, wọ́n sì ń yẹ èéfín wò, wọn á so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀ ni. Ẹlòmíràn á pa iná ìkìlọ̀ iwájú kó tó gbé ọkọ̀ fún ọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iná náà á tún tàn. Béèrè bóyá downpipe àtijọ́ ṣì wà nílé rẹ̀. Bó bá ti tà á, yọ owó òmíràn kúrò nínú 17,500 yẹn.

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ má dá ọ̀rọ̀ "ọkọ̀ ọmọkùnrin" lóhùn. WRX ọdún 2016 ni èmi ń wà, àga ọmọ méjì ló wà lẹ́yìn, bùútù rẹ̀ sì ń gba ọjà ọ̀sẹ̀ méjì. Ó le díẹ̀ lórí ọ̀nà tí kò dán, ẹ óò mọ gbogbo kòtò lórúkọ. Àwọn ọmọ mi kò bìkítà.

Táyà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lọ́dún kejì tí mo rà á, ìṣó wọ táyà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ṣeé lẹ̀. Ilé táyà tí mo gbé e lọ ní kí n ra ẹyọ kan, pé àwọn mẹ́ta yòókù ṣì dára. Mo gbà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí mo bá fẹ́ yà ní kọ́nà tó ká gan-an níbi ìgbọ́kọ̀sí, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, bí ẹni pé ẹnì kan di í mú láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ àárín tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn ló ti jóná. Ohun tó fà á ni pé táyà tuntun ga ju èyí tó ti jẹ lọ. Àwọn ẹsẹ̀ kò yí dọ́gba mọ́, ẹ̀rọ yẹn kò sì sinmi kódà lójú ọ̀nà títọ́. Ìwé ọkọ̀ náà ti kìlọ̀: àyíká àwọn táyà kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdámẹ́rin ínǹṣì kan yàtọ̀ síra. Mi ò kà á. Owó tí mo ná lórí rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ.

Nítorí náà, mẹ́rin lẹ óò máa rà pa pọ̀, irú kan náà, ẹ sì máa yí ipò wọn padà. Bí ọkọ̀ bá sì bàjẹ́ lọ́nà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjì sókè kí wọ́n máa wọ́ méjì nílẹ̀. Orí ọkọ̀ agbọ́kọ̀ tó tẹ́jú ni kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Minneapolis)

Ìbéèrè táyà òtútù ló gbé mi wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rà á.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń fà ń ràn yín lọ́wọ́ láti gbéra àti láti jáde nínú yìnyín. Kò ràn yín lọ́wọ́ láti dúró. Bíréèkì gbogbo ọkọ̀ ló wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, Corolla yín náà ní mẹ́rin. Ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró lórí yìnyín ni rọ́bà. Táyà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó máa ń bá ọ̀pọ̀ WRX wá láti ilé-iṣẹ́ máa ń gan bí igi bí ojú ọjọ́ bá ti tutù wálẹ̀ ju nǹkan bí 45 lórí ìwọ̀n Fahrenheit lọ, kí yìnyín tiẹ̀ tó bọ́ rárá. Ewu ọkọ̀ yìí ni pé ó máa ń gbéra wẹ́rẹ́ tí ẹ óò fi gbàgbé bí ilẹ̀ ṣe ń yọ̀ tó. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ lóṣù January kan. Mo kọjá àwọn tó ń rá pálá, mo rò pé mo ti mọ ọ̀nà. Nígbà tí iná pupa dé, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ń lọ ní tirẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí oríta náà ṣófo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, tí oorun wà lójú yín, ẹ má gbára lé orúkọ ọkọ̀.

Alàgbà Peckham (London)

Ọmọ mi, mo kà á, ọkàn mi padà sẹ́yìn. Mo wà nílùú ọba níbí lọ́dún 1995 tí Colin McRae, ọmọ Scotland, fi Subaru Impreza búlúù, tí WRX yìí ti ara rẹ̀ jáde, gba ife-ẹ̀yẹ rálì àgbáyé. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, gbogbo ọ̀dọ́ ló fẹ́ ní in. Èmi náà ra ti 1998. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn débi pé mo máa ń jí ní òwúrọ̀ Sunday láti wà á lójú ọ̀nà tó ṣófo, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò sẹ́ni tó sọ ti inṣọ́ránsì. Òun ló mú kí n tà á. Gba VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, pe àwọn inṣọ́ránsì rẹ kí o tó sanwó, sì jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó bá fi pamọ́, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni wọn á rí i, wọ́n sì lè kọ̀ láti san. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o wá èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ, fi í jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nígbà tí o bá ń dán ọkọ̀ wò. Má sáré. Jẹ́ kó kàn rí ojú rẹ.

Dúró Ṣinṣin (Houston)

Ẹ ti wo Mazda3 tó ní tọ́bò? Láti ti 2021 ló ti wà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, agbára ẹṣin 250 pẹ̀lú epo premium, ó sì ń gba epo lásán, agbára rẹ̀ kàn máa wálẹ̀ sí 227 ni. WRX ní tirẹ̀, premium nìkan. Mazda yẹn tún dákẹ́ jẹ́jẹ́ nínú.

Àbẹ̀kẹ́ (Chicago)

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti wo Mazda náà, ó rẹwà, ṣùgbọ́n gíà rẹ̀ ń yí ara rẹ̀. Gíà ọlọ́wọ́ ni mo ń wá. Ọdún kejìlá rèé tí ọwọ́ ọ̀tún mi kò ti ríṣẹ́ ṣe nínú ọkọ̀.

Bọ̀dá Mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, epo àti ọ́ìlì ńkọ́?

Bọ̀dá Mẹkáníìkì (Dallas)

Epo: premium, èyí tí wọ́n kọ 91 tàbí 93 sí ní ilé epo, má fi 87, epo lásán, sí i nítorí pé owó oṣù kò tíì wọlé. Láàárín ìlú, máìlì 20 tàbí 21 ni gálọ́ọ̀nù kan á gbé ọ. Lójú ọ̀nà màrosẹ̀, 27 tàbí 28 bí o bá rọra. Tìrẹ á kéré sí i, mo ti mọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ rẹ.

Ọ́ìlì: 5W-30 synthetic. Ìwé sọ pé máìlì 6,000, èmi máa ń pààrọ̀ tàwọn oníbàárà mi ní 4,000, nítorí ọ́ìlì kan náà ló ń tu tọ́bò lára. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ọ́ìlì tó gbóná. Bí o bá ti sáré, rọra wà á fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí o tó pa á. Nǹkan kan wà tí àwọn tó ti otomátíìkì bọ̀ kì í mọ̀: má wà ní gíà karùn-ún tàbí ìkẹfà lórí ìyára kékeré kí o wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn gidi. Gíà kẹta ni kí o kọ́kọ́ bọ́ sí. Ẹrù wúwo lórí ẹ́ńjìnnì tí kò yí dáadáa ń ba pístìnì jẹ́.

Ọmọ Mushin (Èkó)

Bí ó bá wà lọ́kàn yín láti gbé e wálé lọ́jọ́ iwájú, ẹ tà á síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò ga tó fún ọ̀nà wa, epo wa kì í ṣe irú premium yẹn, ẹ óò sì wá páàtì rẹ̀ ní Ládípọ̀ títí.

Àbẹ̀kẹ́ (Chicago)

Ẹ̀yin ará mi, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá.

Ọmọkùnrin yẹn kò gbà kí wọ́n ṣe leak-down. Ó ní àwọn tó ń bọ̀ wá wò ó pọ̀, wọn kò sì béèrè irú rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì bá tèmi lọ. Ó dùn mí fún ọjọ́ méjì, mi ò ní purọ́.

Mo wá rí ti 2018 kan nítòsí Madison ní Wisconsin, máìlì 61,000, eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti ní in, kò yí nǹkan kan padà, gbogbo rìsíìtì ọ́ìlì wà nínú fáìlì kan pẹ̀lú déètì. Mẹkáníìkì tí mo wá fúnra mi gbé e sókè, ó ṣe ìdánwò méjèèjì. Ilé pístìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sún mọ́ ara wọn. Ìpẹtà díẹ̀ wà nísàlẹ̀ nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà, ó ní kò tíì jẹ wọlé. Ìyá Ìbejì, àwọn táyà ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò: méjì tuntun níwájú, méjì tó ti jẹ lẹ́yìn! Mo ní kó wà á yí po níbi ìgbọ́kọ̀sí, kò gbọ̀n. Mo fi ọ̀rọ̀ táyà yẹn já owó wálẹ̀ ní 600 dọ́là. 18,900 ni mo san, inṣọ́ránsì sì fi 38 dọ́là lé ti Corolla lóṣù. Mo ti pe wọ́n ṣáájú, Bàbá Peckham.

Ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti Madison délé. Ó kọ́kọ́ di àga mú. Nígbà tí a dé Rockford, ó béèrè bóyá òun lè kọ́ gíà ọlọ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe bàbá mi ní Ìbàdàn lórí fídíò. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n dákẹ́, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n ní, "Gíà mélòó ni?" Mo ní mẹ́fà ni. Wọ́n ní, "Mẹ́rin ni tèmi ní. Jẹ́ kó gbóná o, Àbẹ̀kẹ́, kí o tó tẹ̀ ẹ́."

Táyà òtútù mẹ́rin ń bọ̀ ní Thursday, Ọmọ Ẹ̀gbá. Irú kan náà ni gbogbo wọn.

Bọ̀dá Mẹkáníìkì (Dallas)

Bàbá mọ iṣẹ́ wọn. Kú oríire, àbúrò mi. Máa fa ọ̀pá ọ́ìlì wò ní ìgbà kejì-kejì tí o bá ra epo, kí ilẹ̀ tí ọkọ̀ wà tẹ́jú. Fọ́tò rẹ̀ dà?